Sùtánà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Àbíjàn Wá

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé ṣíbí sílẹ̀ ná, torí ìtàn ọ̀sẹ̀ yìí lè mú kí ìrẹsì gba imú èèyàn jáde. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi ní Ajah. Mo ní ṣé kí n fi orúkọ míì bò ó láṣìírí, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ohun tí gbogbo etíkun Oniru ti rí, kí ló tún kù tí a fẹ́ fi pamọ́?

Olúwaṣemílóore lorúkọ rẹ̀, Ṣemílóore ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣe ọ̀gá àwọn agbàlejò ní Lẹ́kkí Phase 1 ló kógbá sílé, ló bá kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abraham Adésànyà Estate, l'Ajah. Ìyá náà, Màmá Àṣàbí Fáṣínà, opó ni, aránṣọ ni, ẹni ńlá sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò. Tí ẹ bá wọ ilé wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ máa kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òórùn tùràrí á sì kí yín káàbọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìtàn yìí tó lè yé yín. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Oòrùn ì báà mú, ọ̀dà títì ì báà gbóná bí agbada, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi rìn ín.

Ẹsẹ̀ lásán yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì Ṣemílóore fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí tó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ọjọ́ tó wọ yunifásítì ló búra pé òun àti aṣọ funfun ti pínyà láéláé. Aṣọ dúdú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, búlúù wà, aláwọ̀ ewé wà. Funfun, bí ẹní ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkun. Áńkáṣíìfù funfun pàápàá, kò ní.

Kò mọ̀ pé ńṣe ni aṣọ funfun jókòó síwájú tó ń dúró de òun.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bàlíkísù pè é lórí fóònù. "Ṣemí, jókòó o! Madam Rẹ̀míláyọ̀ Ògúnbọ̀dé ń bọ̀ níbi networking wa ní Sátidé."

Dípò kí Ṣemílóore jókòó, ńṣe ló fò dìde. Madam yìí ló ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun ní Lẹ́kkí Phase 1, ó sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá fáwọn tó ń gbàlejò. Irú iṣẹ́ tí Ṣemílóore mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹní mu omi nìyẹn. Ó ti kọ̀wé síbẹ̀, àfi bí ẹni ju òkúta sínú kànga tí kò gbọ́ ìró rẹ̀.

"Ta ló ń ka ìwé?" ni Bàlíkísù wí. "Ojú lojú ni wọ́n ń ṣe nǹkan báyìí. Wá kí obìnrin yẹn, jẹ́ kó rí ẹ, kó gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Etíkun Oniru ni, ní ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ o, all white ni. Funfun báláú! Ẹni tó bá wọ àwọ̀ míì, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa dá a padà."

"Funfun?"

"Funfun. Kí ló dé tí ohùn ẹ yí padà?"

Ẹ̀yin náà ẹ sáà ti mọ ohun tó dé.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ṣemílóore kọ́kọ́ fa ẹ̀wù tó wọ̀ nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ jáde. Kò funfun mọ́, ó ti dà bí ọ̀gì tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Lẹ́kkí, ó gbọ́ iye tí wọ́n pe gáùn kan, ó ní òun kàn yà gba afẹ́fẹ́ ni. Ó wo aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, òdòdó ló kún ara rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, Bàlíkísù gbé gáùn funfun tirẹ̀ kan wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: Bàlíkísù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀. Ṣemílóore ní tiẹ̀, Ọlọ́run ò fi nǹkan kan dù ú. Sípù gùn ún dé ìdajì ẹ̀yìn, ó kọ̀, ó ní ibi tí òun máa bọ́ sílẹ̀ rèé.

"Má mí," ni Bàlíkísù ń wí, ó ń fà á.

"Tí mi ò bá mí, ta ló máa bá mi kí Madam?"

Wọ́n bọ́ gáùn náà, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ara wọn. Ibẹ̀ ni ojú Ṣemílóore ti lọ sókè, tó bọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀.

Sùtánà tuntun kan wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Léèsì funfun gidi ni, ó gùn balẹ̀, ọrùn rẹ̀ rọra yípo, kò sí àṣejù kankan lára rẹ̀. Màmá Àṣàbí kò fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀, ọwọ́ ló fi rán an, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Láti ìgbà tó ti parí rẹ̀, kò wọ̀ ọ́ rí. Tí Ṣemílóore bá bi í léèrè, á ní, "Ó ní ọjọ́ tó ń dúró dè."

Ìyá náà ò sì sí nílé. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Mò ń jáde o. Má retí mi kó tó di ọjọ́ Ìsinmi." Ọmọ ò béèrè ibi tí ìyá ń lọ. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò Màmá ni, ní Ìkòròdú.

"Mo kàn fẹ́ wọ̀ ọ́ wò ni," ni Ṣemílóore wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, ẹ yáa lọ ka iye ẹran tó wà nínú ìkòkò. Ó wọ̀ ọ́, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Èyí ò fún, kò ṣo, kò sì sí ẹni tó yá a.

Bàlíkísù sún sẹ́yìn. "Ṣemí, ṣé kì í ṣe sùtánà Màmá nìyẹn?"

"Sùtánà ni. Tí mo bá ti di bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó di gáùn."

"Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o. Mùsùlùmí ni mí."

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣemílóore di bẹ́líìtì aláwọ̀ wúrà mọ́ ìdí. Ó ká ọwọ́ aṣọ dé ìgúnpá, ó fi pín-ìnnì dè é. Ó gbé yẹtí ńlá sétí, ó kun ètè. Ó ku bàtà. Ó gbé bàtà gíga kan tó ń dán bíi fàdákà sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì dúró sójú òfuurufú. Kò fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré.

Ṣemílóore gbójú sókè. "Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi nìkan ni kí ẹ wò lónìí. Ẹ má wo ìsàlẹ̀." Ló bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi fóònù pè ni àmì àkọ́kọ́ ti yọ. Awakọ̀ wò ó nínú díńgí, ó tún wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Ìyá Ìjọ. Ẹ bá mi gbàdúrà sí ẹ́ńjìnnì yìí, ó ń dà mí láàmú."

"Gáùn ni, bọ̀dá! Gáùn ni mo wọ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Àṣẹ ni."

Bàlíkísù kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí wọ́n dé Oniru, ara Ṣemílóore wálẹ̀. Funfun ló kún ibẹ̀ bámú: ṣòkòtò funfun, agbádá funfun, gáùn tí wọ́n gé ní itan, èyí tí wọ́n gé ní ẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn ń fi káàdì lé ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó sọ orúkọ. Láàárín gbogbo ìhòòhò tó dára yìí, obìnrin kan ṣoṣo ló bora láti ọrùn dé kókósẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn òkun. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

"Àǹtí, aṣọ yìí le gan-an o!" ni ọkùnrin kan wí.

"Ta ni designer yín?" ni obìnrin míì béèrè.

Ṣemílóore rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fèsì. Inú rẹ̀ ń dùn. Aṣọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà èwe ni wọ́n ń yìn yìí. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun gbàgbé ìyá òun pátápátá lákòókò yẹn.

Madam Rẹ̀míláyọ̀ Ògúnbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló rìn wá bá a. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, irun orí rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ṣemílóore kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó sọ iṣẹ́ tóun ti ṣe àti bóun ṣe ń pẹ̀tù sí àlejò tínú ń bí. Ọ̀rọ̀ já geere lẹ́nu rẹ̀. Madam ń mi orí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó fi ìka kan etí léèsì náà.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi rán èyí. Ta ló rán an?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kó sọ. "Màmi ni, mà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n Ṣemílóore wo àwọn bàtà olówó ńlá tó yí i ká, ó rántí ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé l'Ajah, ojú sì tì í. Ẹnu rẹ̀ là, irọ́ sì jáde bí ọmọ tó ti múra tán tipẹ́.

"Kì í ṣe Nàìjíríà níbí, mà. Àbíjàn ni. Ilé Àṣàbí ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í rán fún gbogbo èèyàn."

"Àbíjàn!" Madam yí i po. "Mo ti ń wá irú nǹkan báyìí fún àwọn ọmọ tó máa wà níbi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì mi. Ó bora, síbẹ̀ ó níyì. Ó tilẹ̀ ń bá ọkàn mi sọ nǹkan kan, mi ò mọ ohun tó jẹ́."

Bàlíkísù wúkọ́.

"Ṣemílóore, mo fẹ́ràn ẹ," ni Madam wí. "Wá rí mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ agbàlejò yẹn, jẹ́ ká jọ jókòó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Nọ́ńbà Àbíjàn yẹn náà, mú un dání."

Nígbà tí Madam yípadà, Ṣemílóore àti Bàlíkísù di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń fò lábẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Iṣẹ́ ti dé! Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí ti bọ́ sí i lọ́wọ́!

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ.

"Ṣemílóore, inú ilé yín ni mo wà o. Fàúsátù aládùúgbò yín ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Màmá ẹ ló ní kí n wá mú sùtánà léèsì wọn, mo ti tú orí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò rí i."

Ṣemílóore yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé… ṣé kì í ṣe Ìkòròdú ni Màmi wà ni, mà?"

"Ìkòròdú bí i báwo? Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà láti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń gbààwẹ̀. Etí omi la fẹ́ lọ nírọ̀lẹ́ yìí. Sùtánà dà?"

"Ó wà… ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, mà."

"Aṣọ tí wọn ò tíì wọ̀ rí? Kí lalágbàfọ̀ fẹ́ fọ̀ lára ẹ̀?"

Ṣemílóore ní òun ò gbọ́ ọ mọ́, ó pa fóònù. Ó fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé etí omi pọ̀ lápá Ajah, pé kò sí ohun tó máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ òun. Nígbà tí Màmá bá dé lọ́la, òun á ti fọ aṣọ náà, òun á ti lọ̀ ọ́, òun á ti di í padà sínú ọ̀rá. Ó ní gbogbo ètò náà bára mu lójú òun nígbà yẹn. Ẹni tí irọ́ bá ń gùn, títì ló máa ń rí, kì í rí kòtò.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Madam tún padà dé pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. "Kí ló dé tí a óò fi dúró dọjọ́ Ajé? Pe ará Àbíjàn yẹn báyìí, ká rí ojú ara wa lórí fídíò. Mo gbọ́ Faransé díẹ̀."

Ṣemílóore gbé fóònù tirẹ̀ sókè wò. "Kò sí netiwọ́ọ̀kì níbí, mà."

"Tèmi dáa. Gbà."

"Wọn… wọn kì í gbé fóònù ní Sátidé, mà. Ẹ̀sìn wọn ni."

Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà ni agogo dún létí omi. Gbángan, gbángan, gbángan! Orin tẹ̀ lé e. Gbogbo èèyàn yíjú. Ọ̀wọ́ àwọn èèyàn kan ń bọ̀ létí òkun, funfun láti òkè délẹ̀, wọ́n tò bí okùn, àbẹ́là lọ́wọ́ àwọn kan, agbọ̀n èso lórí ẹnì kan, ìgbì ń fọ ẹsẹ̀ lásán wọn.

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Alága ìjókòó, ẹni tó ń darí ètò ọjọ́ náà, já gbohùngbohùn gbà. "Ẹ kí wọn káàbọ̀ o! Surprise tí wọ́n ṣètò fún wa rèé!" Wòlíì tó ṣáájú dúró, ó wo ogunlọ́gọ̀ aláṣọ funfun tí kò mọ̀ rí yìí, ó rò pé ìjọ míì ni, ló bá gbọ́wọ́ sókè, ó súre fún wọn. Àwọn èrò gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya á.

Madam wo àwọn tó ń bọ̀, ó wo Ṣemílóore, ó tún wo àwọn tó ń bọ̀. Ọrùn aṣọ kan náà, rírán kan náà.

"Ṣemílóore," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé gbogbo Àbíjàn ló dé yìí?"

Ṣemílóore fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn Bàlíkísù. Mo ti sọ bí Bàlíkísù ṣe rí fún yín. Apá ọ̀tún yọ, apá òsì yọ, àyà nìkan ló rí nǹkan fi bò.

Ẹni tó gbẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ náà ni Màmá Àṣàbí. Sùtánà tó fi gbààwẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ti dọ̀tí, ti Ìyá Tiwátọ́pẹ́ kan ló yá wọ̀, obìnrin kúkúrú sì nìyẹn. Aṣọ náà ò kọjá ojúgun. Ó ń fọwọ́ kan fà á wálẹ̀, ó fọwọ́ kejì mú àbẹ́là. Ibi tó ti ń fà á ló ti gbójú sókè, tó sì rí ọmọ rẹ̀.

Ojú ìyá náà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó wo yẹtí. Ó wo ọwọ́ aṣọ tí wọ́n fi pín-ìnnì gún. Ó wo bẹ́líìtì. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó dé ẹsẹ̀.

"BÀTÀ!"

Mo ti gbọ́ ìyá tó pariwo rí, àmọ́ wọ́n ní ti Màmá Àṣàbí gba etíkun kan. "Ṣemílóore! Bàtà lo wọ̀ sí sùtánà? Bọ́ ọ! Bọ́ bàtà yẹn kíákíá!"

Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣemílóore bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tirẹ̀. Àwọn obìnrin bọ́ bàtà gíga, wọ́n mú un lọ́wọ́. Wọ́n rò pé ara ètò ni. Alága ìjókòó bọ́ bàtà, Bàlíkísù tó ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀ bọ́ tirẹ̀, Madam Ògúnbọ̀dé pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀ dúró sórí iyanrìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Ṣemílóore ò rí ogún ọdún lò. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ìwọ̀ oòrùn ni.

Màmá sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ká ní o ní kí n fún ẹ ni, màá fún ẹ. Aṣọ kí ni? Aṣọ ni. Àmọ́ èyí, torí ẹ ni mo ṣe rán an. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí mo fi gún un, orúkọ ẹ ni mò ń pè sí i. Mo ní ọjọ́ tí mo bá máa dúró níwájú Ọlọ́run torí iṣẹ́ ẹ ni màá wọ̀ ọ́. Wòlíì ní ká wá gba àdúrà iṣẹ́ níbi táwọn tó ń gbani síṣẹ́ wà, la ṣe wá sí Oniru. Òní lọjọ́ ọ̀hún, Ṣemílóore." Ó wo ojúgun ara rẹ̀. "Wo ohun tí mo wọ̀ wá."

Ṣemílóore ní òun ti gbọ́ èébú rí, òun ti gbọ́ ẹ̀gàn rí, kò sí èyí tó dun òun tó ojú tí Màmá fi wo ojúgun yẹn. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó bú sẹ́kún, ohun tó kun sétè sì ṣàn dé àgbọ̀n.

Madam bá wọn dé ibẹ̀. "Ẹ kú àdúrà, Màmá. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán aṣọ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ti gbé Àbíjàn rí?"

"Àbíjàn kẹ̀?" Ó ya Màmá Àṣàbí lẹ́nu. "Àgbádárìgì ni mo lọ jìnnà jù lápá ibẹ̀ yẹn. Ìsìn ni mo bá lọ, a ò sì sùn síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Madam ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Ṣemílóore. "Mo ti fẹ́ gbà ẹ́. Tó o bá ní Màmá ẹ ló rán an, ṣebí ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀? Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn àlejò ló máa wà lọ́wọ́ ẹni tí mò ń wá. Ẹni tó gbé ìyá ẹ̀ lọ sí Àbíjàn láìmú un jáde nílé, mi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́."

Ṣemílóore rọra mi orí. Òótọ́ ni.

Màmá Àṣàbí sì ní àdúrà tí àwọn torí rẹ̀ wá, àwọn ò ní gbé e padà sí Ajah. Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n yọ pín-ìnnì, wọ́n fi Ṣemílóore sáàárín. Wòlíì bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn oní-networking bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn? Ọkùnrin kan ní kí wọ́n rántí kọ̀ǹtènà òun tó wà ní èbúté. Obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun mẹ́nu ba ọ̀gá òun. Nígbà tí wọ́n ṣàmín tán, káàdì ló kún ọwọ́ Wòlíì, ó ń bi Ìyá Tiwátọ́pẹ́ bóyá wọ́n ń tẹ́wọ́ gbà á nínú ọrẹ.

Madam ò tíì lọ. "Màmá, ẹ bá mi rán irú aṣọ yìí fáwọn òṣìṣẹ́ mi."

"Rárá o, mà. Sùtánà kì í ṣe aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ yín á wọ bàtà sí i." Màmá ronú díẹ̀. "Mo lè rán gáùn míì tó bora, tó níyì, tí bàtà ò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn á pọ̀ jù fún èmi nìkan. Màá nílò ẹni tó máa bá mi fọwọ́ rán etí ẹ̀."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ẹnì kan lórí iyanrìn.

Ibi tí mo ti bá Ṣemílóore nìyẹn nígbà tí mo lọ gbọ́ ìtàn yìí: lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé l'Ajah, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, léèsì lórí itan. Ìka rẹ̀ ti lu. Ó ní kí n sọ fún yín pé ohun tó bá ń tì yín lójú nípa ilé yín, ẹ tún un wò dáadáa, bóyá òun gan-an lẹni tí ẹ fẹ́ wú lórí ń wá. Màmá ń wa ẹ̀rọ lọ, ó ń fetí sílẹ̀.

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa," ni Màmá wí fún mi. "Mo ní kó fún ọmọ mi níṣẹ́, ó fún un. Èmi ni mo gbàgbé láti sọ irú èyí tí mo fẹ́."

Gáùn àkọ́kọ́ ti parí, ó kù kí wọ́n rán àkọlé kékeré sí ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣemílóore ti gbé e wá, ó kọ ọ́ pé "Ilé Àṣàbí". Màmá gbà á, ó gbé awò ojú wọ̀, ó kà á, ó dá a padà fún un.

"Fi Ajah sí i," ló wí, "kí ẹnikẹ́ni má lọ wá mi dé Àbíjàn."